Ẹ̀ka Tí Wọ́n Ń Pè Ní Òbúkọ

"Apá kan dúdú, apá kan funfun," ni Ọ̀gá Fosca wí. "Ta ló ti rí irú ojú ọgbẹ́ báyìí rí?"

Ó ń wo ìdí ẹ̀ka igi tó já sílẹ̀. Loris, ọlọ́pàá kékeré tó bá a wá, dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́nu géètì, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Nives ní tirẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ìgbálẹ̀ mú bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Kò sún mọ́ wọn. Kò sì wọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú àbúrò rẹ̀, Olinto, lọ sí àtìmọ́lé, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò lè jókòó, kò lè dúró, etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Igi kasitáńyà ńlá náà, tí wọ́n ń lọ èso rẹ̀ ṣe ìyẹ̀fun, ló gba gbogbo àárín àgbàlá. Òdòdó rẹ̀ ti là, ó gùn bí ìrù ológbò, ó sì ń rùn. Àlejò tó sanwó yàrá nílé Nives, tí kò bá mọ̀, á ní òbúkọ kan ló kú sórí òrùlé. Nínú oṣù kẹfà, Nives kì í sá aṣọ síta, nítorí aṣọ tí a fọ̀ tó mọ́ yóò wọlé pẹ̀lú òórùn. Òdòdó á dí gọ́tà. Òdòdó á wọ inú kọfí. Tí òdòdó bá tán, ewé ló kù. Tí ewé bá tán, èèpo ẹlẹ́gùn-ún tí ń gún ènìyàn lẹ́sẹ̀ ló kù. Igi yẹn kì í jẹ́ kí ìgbálẹ̀ sinmi.

Lábẹ́ igi ni ẹ̀ka kan wà nílẹ̀, ó nípọn ju itan géńdé lọ. Abẹ́ ẹ̀ka yẹn ni wọ́n ti fa òkú Bàbá Settimio yọ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún Jòhánù Mímọ́. Ìyẹn di ọjọ́ kẹta òní.

"Ọ̀gá," ni Loris ké láti ẹnu géètì, "ṣé imú yín ò gbọ́ nǹkan kan ni?"

"Ibà kan ló pa imú mi láti ọdún mẹ́wàá. Ìwọ dúró síbẹ̀ kí o máa gbádùn ara rẹ."

Obìnrin kúkúrú ni Ọ̀gá Fosca, aṣọ ọlọ́pàá fẹ̀ jù ú lọ, irun rẹ̀ ti ń hewú. Àwọn tó wá ṣáájú rẹ̀ kò lè dúró ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lábẹ́ igi náà, wọ́n wò ó fìrí, wọ́n mú Olinto, wọ́n sá lọ. Òun, ó gbé àga wá. Ó jókòó sínú òórùn bí ẹni jókòó sínú ọgbà òdòdó, ó ń wo ẹ̀ka, ó ń wò ó, kò yára.

Mirella, ọmọ Nives, gbé kọfí jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbójú sókè láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀gá Fosca gba ife náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọbìnrin, ọwọ́ rẹ dúdú bí ti alágbẹ̀dẹ."

"Àsálà ni, Ọ̀gá, omi èèpo rẹ̀ ló ń kun ọwọ́. A lọ ká àsálà tútù lọ́jọ́ àìsùn ọdún, ká lè rí i rẹ sínú ọtí. Gbogbo wa ni."

"Òótọ́ ni. Gbogbo obìnrin tí mo pàdé lónìí ló rí bẹ́ẹ̀."

Nives wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun náà dúdú. Ó fi ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, kò mọ ìdí.

*

Ọ̀rọ̀ igi yẹn kò le, ènìyàn ló sọ ọ́ di líle. Ní Roncalta, ẹnì kan lè ni ilẹ̀ kí ẹlòmíràn ni igi tó wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ilé Nives ni ilẹ̀. Bàbá àgbà Settimio ló gé ẹ̀ka igi aládùn wá, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kùkùté igi igbó kan láàárín àgbàlá. Gbogbo ohun tó hù lókè ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ jẹ́ ti ilé Settimio. Ohun tó bá hù nísàlẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀.

Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló hù nísàlẹ̀. Ẹ̀ka igbó ni. Èso rẹ̀ kò tó ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ, ṣùgbọ́n òun ló ni gbogbo òórùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Òbúkọ. Àwọn ẹ̀ka aládùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, wọn kò sì ní àtíkè inú òdòdó tiwọn. Àtíkè Òbúkọ ló gbọ́dọ̀ bà lé wọn kí wọ́n tó lè so. "Tiwa ni òórùn, tiyín ni èso," ni bàbá Nives máa ń sọ fún bàbá Settimio. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú fadá pé ẹnikẹ́ni kò ní gé e. Wọ́n ti kú. Ọwọ́ òkú méjì nìkan ló kù tó so ẹ̀ka yẹn mọ́ igi.

Olinto sì ti sọ̀rọ̀ nílé ọtí. Ó mu, ó sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, màá gé òbúkọ yẹn lọ́fun!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Settimio wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀ka já lù ú, ta ló tún ń wá ẹlòmíràn? Ayùn Olinto ni ayùn kan ṣoṣo tó wà nílé. Wọ́n bi í bóyá òun ló gé e, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ń wolẹ̀.

Lọ́la ni wọn yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ bá adájọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé sọ̀kalẹ̀ láti òkè yìí, Nives kò rí kí ó tètè gòkè padà rí.

*

"Ìyá Mirella, ẹ wá wo nǹkan."

Nives wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ wá.

"Ẹ wo ibi dúdú yìí. Irin ló gba ibẹ̀ kọjá. Igi yìí, tí irin bá kàn án ní tútù, ó ń dà bí íǹkì. Ibi funfun yìí ńkọ́? Irin ò débẹ̀. Ó fà ya ni. Kí ni ìyẹn sọ fún yín?"

"Mi ò kàwé lọ títí, Ọ̀gá."

"Kò gbàwé. Ẹni tó gé e, ó gé e dé ìdajì, ó fi í sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó dúró sókè láti ju igi lu bàbá yẹn. Ẹ̀ka náà wà bẹ́ẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa fà á."

"Ta ló fà á?"

Ọ̀gá Fosca gbé igi gígùn kan sókè, ìkọ́ irin wà lórí rẹ̀. "Èyí wà lọ́wọ́ òkú. Kí ni bàbá ń fi ìkọ́ ṣe láàárọ̀ ọdún?"

"Ẹ bi mí!" ni ohùn kan wí láti ẹnu géètì. "Èmi ni kí ẹ bi, ẹ má bi àwọn apànìyàn!"

Argia ni, ìyàwó Settimio. Aṣọ dúdú ni ó wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ti Loris sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ti aṣọ ojú ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Fosca wí. "Mo bi yín."

"Ó wá gbọn Òbúkọ ni! Ọdọọdún ló ń gbọ̀n ọ́n tí atẹ́gùn bá ti kọ̀ tí kò fẹ́. Ó á fi ìkọ́ fà á, á gbọ̀n ọ́n, kí àtíkè lè fò lọ bá tiwa. Mo ní, Settimio, ọjọ́ ọdún ni, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan igi lónìí. Ó ní gbígbọ̀n kì í ṣe iṣẹ́. Ó ní Jòhánù Mímọ́ fúnra rẹ̀ á gbọ̀n ọ́n tó bá ní kasitáńyà." Ó yíjú sí Nives. "Ìwọ! A jọ kọ́ ṣíṣọ àgùntàn. Orí àwo mi lo ti jẹun. Àbúrò rẹ pa ọkọ mi, o ṣì ń gbálẹ̀!"

"Argia, jọ̀ọ́..."

"Má pe orúkọ mi! Ilé yín ló ń rùn, kì í ṣe igi!"

Ó lọ. Nives wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ó ń gbálẹ̀. Kí ni kí òun tún ṣe?

*

Ẹ̀yìn ilé adìẹ ni Nives máa ń da pàǹtírí àgbàlá sí. Ọ̀gá Fosca bèèrè ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òkìtì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ewé mọ́ínmọ́ín.

"Ṣé ẹ ti da nǹkan síbí láti ọjọ́ ọdún?"

"Rárá o. Àwọn ọlọ́pàá ní a ò gbọdọ̀ kó nǹkan kan. Mo kàn ń gbá a jọ sójú kan ni."

"Ó dáa. Òkè pátápátá: ewé àsálà àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ìyẹn ni ẹ dà sí nírọ̀lẹ́ àìsùn ọdún nígbà tí ẹ gé àsálà tán. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Abẹ́ rẹ̀: òdòdó. Inú òdòdó yẹn: ẹ wò ó." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Lẹ́búlẹ́bú igi ni, irú èyí tí ayùn ń yọ. "Abẹ́ ewé àsálà ló wà. Wọ́n ti gé ẹ̀ka yìí kí àsálà tó wọlé. Níbo ni Olinto wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn?"

Ọkàn Nives fò. "Ibi ìsìnkú! Ó ń mọ ògiri ibi ìsìnkú pẹ̀lú fadá láti òwúrọ̀! Ìgbà tí a ń bọ̀ ló pàdé wa lọ́nà, òun ló ru àpò àsálà wálé. Gbogbo obìnrin ló rí i, Ọ̀gá! Ẹ bi wọ́n!"

"Mo ti bi wọ́n."

"Olinto kọ́ nìyẹn! Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ọlọ́run á..."

"Ta ló gbálẹ̀ lọ́sàn-án yẹn?"

Nives yíjú sí àgbàlá. 

Ó rántí. Ó ti ń gbìyànjú láti má rántí. Nígbà tó bá àwọn obìnrin dé láti ibi àsálà, ó bá àgbàlá ní gbígbá, ó mọ́ tónítóní, ó sì ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àrà kí nìyí, Mirella tí kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ó bá ọmọ náà nídìí omi, ó ń fọ ọwọ́. Ọwọ́ yẹn dúdú. Bẹ́ẹ̀ àsálà ṣì wà lórí Olinto, kò tíì wọ ilé. "Mo ká díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ni, Màmá." Kò sí igi àsálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi kankan.

"Èmi ni," ni Nives wí. "Èmi ni mo gbálẹ̀. Kí n tó jáde."

"Ẹ gbálẹ̀ tó kún fún lẹ́búlẹ́bú igi, ẹ kò sì bèèrè ibi tó ti wá?"

"Ojú mi ò dáa mọ́, Ọ̀gá."

Ọ̀gá Fosca wò ó pẹ́. Kò jiyàn. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Nives jù.

*

Loris sáré wọlé, ó gbàgbé imú rẹ̀. Ó fa ọkùnrin sísanra kan lọ́wọ́.

"Ọ̀gá! Mo rí i! Ọ̀gbẹ́ni Brambati nìyí, láti Milano, ó gba yàrá lókè yìí. Ó ti sọ létí gbogbo ayé pé òun ò lè sùn nítorí òórùn, pé tí wọn ò bá gé igi yìí òun á lọ. Ẹ sì wo ọwọ́ rẹ̀!"

Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Brambati dúdú dé ọrùn ọwọ́.

"Màdáàmù, mo tẹ̀lé àwọn ìyá wọ̀nyí lọ ká àsálà ni!" ni ọkùnrin náà ké, òógùn bò ó. "Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí náà. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ọjọ́, wọ́n ní ọkùnrin kì í ká a. Ẹ bi wọ́n!"

"Kí ló dé tí ẹ ń di ẹrù?"

"Ẹnì kan kú lábẹ́ fèrèsé mi, màdáàmù. Kí n máa jó ni?"

Loris ní, "Ọ̀gá, ẹ má gbà á gbọ́. Akáúńtáǹtì ni. Wọ́n mọ irọ́ pa."

"Gbogbo Roncalta lọ́wọ́ dúdú, Loris. Ẹni tó gé ẹ̀ka yìí rí ọjọ́ tó dáa yàn. Ìyá Mirella, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní lẹ́mọ́ọ̀nù?"

Nives mú un wá. Ọ̀gá Fosca là á sí méjì, ó fún apá kan sí ọwọ́ Brambati, ó fi aṣọ fà á. Ó tún fà á. Dúdú náà kò yẹ̀.

"Àsálà kì í gbọ́ ti lẹ́mọ́ọ̀nù. Awọ ara fúnra rẹ̀ ló máa bó. Wàyí o."

Ó yọ ọ̀bẹ àpò rẹ̀, ó tì í bọ omi, ó fi gbo ojú ọgbẹ́ ẹ̀ka tútù náà, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ omi tó jáde. Ó fi gbo ọ̀bẹ. Ó dúró. Kò pẹ́, àtàǹpàkò náà ń dúdú. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i, ní pàtàkì Nives. Ó wá fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i.

Dúdú náà ṣí. Ó ṣí bí ẹni nu ojú síléètì. Àtàǹpàkò náà mọ́ bí ti ọmọ tuntun.

"Aláwọ ni bàbá mi, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún," ni Ọ̀gá Fosca wí. "Èèpo igi yìí ló fi ń pa awọ láró. Ìyá mi ló ń fi lẹ́mọ́ọ̀nù fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó jókòó sídìí oúnjẹ." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ebi ń pa mí. Loris, jẹ́ ká lọ jẹun nílé ọtí. A ó padà wá wo ọwọ́ gbogbo ènìyàn."

Ó fi ìdajì lẹ́mọ́ọ̀nù tó kù sórí àga. Ó lọ.

*

Nives kò mọ ìgbà tí òun mú lẹ́mọ́ọ̀nù náà. Ìgbà tó mọ̀, ó ti wà nínú ilé ìdáná, ó ti ti ilẹ̀kùn.

"Wá."

"Màmá, mò ń ro ìyẹ̀fun kasitáńyà lórí iná."

"Mo ní wá síbí."

Ó gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ nígbà tí ọmọ náà ṣì ń kọ́ ìrìn, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Ó ń gbàdúrà nínú kí ó má ṣí. Kó jẹ́ àsálà. Ọlọ́run, kó jẹ́ àsálà.

Ó ń ṣí.

Àwọn méjèèjì wo ọwọ́ náà bó ṣe ń funfun. Mirella bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò pariwo.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ nǹkan kan. Ìwọ náà ò mọ nǹkan kan. Dákẹ́. Mú ọwọ́ kejì wá."

"Mo fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ni. Mo gbọ́ ohùn yín lókèèrè, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo gbálẹ̀. Mo ní, ọ̀la jẹ́ ọdún, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan igi..."

"Mo ní dákẹ́!"

"Àwọn àlejò ń lọ, Màmá. Nítorí òórùn. Tí wọ́n bá lọ tán, kí ni mo tún ń ṣe níbí? Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀, bíi ti gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ dúró tì yín. Ẹ̀ka kan péré ni. Tiwa sì ni."

 Nives ju lẹ́mọ́ọ̀nù sínú iná. Ó nu ọwọ́ ọmọ rẹ̀ gbẹ. Ó rò pé òun ti gbà á là.

*

Ọ̀gá Fosca padà dé, ó jókòó sí àga rẹ̀, ó bèèrè kọfí. Mirella ló gbé e jáde. Nives dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá Fosca kò gba ife. Ó ń wo ọwọ́ tó gbé e.

 Oyin ń kùn lórí igi. Loris pàápàá sọ áńkáṣíìfù rẹ̀ kalẹ̀.

"Láàárọ̀, ọwọ́ yìí dúdú," ni Ọ̀gá Fosca wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo bi ọ́, o ní àsálà ni. Ọmọ mi, ìwọ nìkan lọ́wọ́ rẹ funfun ní gbogbo Roncalta báyìí."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Mirella.

Nígbà náà ni Nives mọ ohun tí òun ṣe. Ó mọ̀ ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Bí òun bá ti jókòó jẹ́ẹ́, bí òun bá ti fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dúdú rẹ̀ láàárín ọwọ́ dúdú gbogbo ìlú! Ó já síwájú, ó na ọwọ́ tirẹ̀.

"Èmi ni! Èmi ni mo gé e, Ọ̀gá. Ẹ mú mi. Èmi ni mo gbálẹ̀, ẹ rántí, mo sọ fún yín pé èmi ni!"

Ọ̀gá Fosca gba ọwọ́ náà, ó yí i padà. Omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣì tutù lórí rẹ̀, ó ṣì ń ta sánsán, kódà Nives fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Dúdú náà wà níbẹ̀ ṣinṣin.

"Ọwọ́ yín ò gbà fún yín, ìyá."

"Ẹ fi lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ fún mi ni," ni Nives wí.  "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí ẹ parọ́ nípa gbígbálẹ̀, mo mọ̀ pé ẹni kan wà tí ẹ ń bò. Àbúrò yín náà ń bò ó. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, tí kò sì sẹ́, kí ló tún ń ṣe? Bóyá ó rí i pé ẹnì kan nínú ilé ti so ayùn òun kọ́ sódì, ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Èmi ò ní ẹ̀rí kan. Kí n tó fi lẹ́mọ́ọ̀nù fọ gbogbo ọwọ́ ìlú yìí ká, ẹ̀yin á ti fi ọmọ yín pamọ́. Mo wá rò ó pé ìyá ni yín." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó mi orí. "Kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ènìyàn fi yangàn."

Mirella ní, "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ pa á. Bàbá Settimio ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun àkàsọ̀."

"Mo mọ̀. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá fi igi sílẹ̀ ní gígé dé ìdajì, kí ló máa ń so mọ́ ìdí rẹ̀?"

"Koríko gbígbẹ, kí ẹni tó ń kọjá lè ṣọ́ra," ni ọmọ náà wí.

"Kí ló dé tí o ò so ó?"

"Wọn ì bá rí i. Wọn ì bá mọ̀ pé a da májẹ̀mú bàbá àgbà."

Ọ̀gá Fosca di ojú rẹ̀ díẹ̀. "Ohun tí adájọ́ máa bi ọ́ nìyẹn. Mo gbàdúrà kí o rí èsì tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

*

Wọ́n jẹ́ kí Mirella mú aṣọ òtútù kan. Nives ló bá a di bọ́tìnnì rẹ̀, ó di í tán, ó tú u, ó tún un dì. Loris dúró ti ọkọ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Argia wà lójú ọ̀nà. Ìròyìn ti dé etí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó yí, bí ìròyìn ṣe máa ń ṣe ní Roncalta. Nives rò pé yóò bú òun. Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ó tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

Argia wo ọkọ̀ náà títí ó fi yà sísàlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yẹn."

"Ìwọ ni."

"Igi ò sì ní so mọ́. Láìsí Òbúkọ, ewé lásán ló kù."

"Mo mọ̀, Argia."

Argia fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó lọ, kò dágbére.

Nives wọlé. Ìyẹ̀fun ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀, ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó ń ha á. Òòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó gbọ́ géètì, tó gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà ńlá tó mọ̀ láti kékeré, àti ẹni tó ń súfèé.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n tú mi sílẹ̀!" Olinto dúró lẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n ti hù sí i lẹ́nu, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Wọn ò sọ ìdí fún mi. Wọ́n kàn ní kí n máa lọ. Ṣé mo wí fún yín? Wọ́n bi mí, mo dákẹ́. Wọ́n gbá tábìlì, mo dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan gbà lẹ́nu mi." Ó bọ́ fìlà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá. "Ẹ má bi mí ní nǹkan kan o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ yẹn lè sùn wàyí. Ó dà?"

Nives kò yíjú. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Olinto lọ sídìí àtẹ̀gùn, ó gbé ojú sókè. "Mirella!"

Ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni tó rò pé oorun ló gbé ọmọ náà lọ.